Òṣùpá Ọmọ Wákàtí Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 2025, ni mo fẹ́ ká jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti òru títí di alẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà, ọjọ́ 29 oṣù Ṣàábánì ọdún 1446 ni. Bí wọ́n bá rí oṣù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí wọn ò bá rí i, Ṣàábánì á pé ọgbọ̀n ọjọ́, ààwẹ̀ á di ọ̀tunla. Láti Ẹmùrẹ̀-Ilé dé Ọ̀wọ̀, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n àti Ìdóàní, ìwọ̀ oòrùn ni ojú àwọn tó ń retí ààwẹ̀ máa yí sí nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ṣùgbọ́n òṣùpá kò dúró de ìrọ̀lẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ní ojú sánmà ní ìṣirò, a sì lè mọ ibi tó wà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lójú ọjọ́ náà. Àkókò tí mo máa dá níbí, ti Ọ̀wọ̀ ni. Bí ẹ bá wà ní Òkèlúṣè tàbí ní Ìdógùn, ó lè fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yàtọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago 1:45 òru

Oorun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Àwọn ọdẹ nìkan ló lè sọ bí òru náà ṣe ṣú tó, nítorí wọ́n mọ òru tí kò ní òṣùpá, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù láti fi wọ igbó. Ní ìṣẹ́jú yẹn, òṣùpá dé àárín àwa àti oòrùn. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ní òdìkejì ayé, níbi tí ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará New Zealand. Gbogbo ojú òṣùpá tí oòrùn ń tàn sí ló kọ sí oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣókùnkùn ló kọ sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sánmà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí òṣùpá tuntun: wákàtí òdo.

Kò sí ojú tó lè rí i nígbà náà, ì báà jẹ́ ojú ọdẹ, ì báà jẹ́ ojú ẹni tó wà ní New Zealand pàápàá. Òṣùpá kò gba iwájú oòrùn gan-an kọjá. Apá gúúsù rẹ̀ ló gbà, ní ìwọ̀n bí ìlọ́po mẹ́ta ìbú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oòrùn kò fi ṣú níbi kankan lọ́jọ́ náà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, òṣùpá fara kan oòrùn díẹ̀, àwọn ará Yúróòpù àti ti Mòrókò sì rí oòrùn tí apá kan rẹ̀ ti ṣú.

Bí ojú kò bá rí i, báwo ni ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ṣe lè mọ̀ pé wákàtí òdo ti dé? Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé rẹ̀. Ìlà oòrùn, ní ìdájí, ni ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo oṣù tuntun, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ṣáájú. Àwa ń dúró de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n kí a tó gbójú sókè, bí ẹni pé òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi kan tí a kò mọ̀ bọ̀.

Ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi ojú kan wò ó. Ìbú ìkúùkù yẹn lójú sánmà tó dígírì mẹ́wàá. Ti ọmọdé náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kéré ni apá rẹ̀ ṣe kúrú. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 26, kí oòrùn tó yọ, òṣùpá tó ti gbó wà ní nǹkan bí ìkúùkù méjì àti díẹ̀ sí oòrùn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ku ìkúùkù kan péré, ó sì ti tín-ínrín débi pé ojú tó mọ́ kedere ló lè bá a nínú ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tó rí méjì lánàá, tó rí ọ̀kan lónìí, á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò ní sí nǹkan kan lọ́la. Kò gba kàlẹ́ńdà, kò gba fóònù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lè dìde ní Ọjọ́ Ẹtì kó sọ fún ará ilé rẹ̀ pé òṣùpá ti bá oòrùn pàdé lóru àná, kí a máa wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Aago 6:51 àárọ̀

Oòrùn yọ. Òṣùpá ti di ọmọ wákàtí márùn-ún, ó sì ti jìnnà sí oòrùn tó dígírì mẹ́ta, ní apá ìlà oòrùn. Nítorí náà, oòrùn ló kọ́kọ́ yọ, òṣùpá sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Títí di àná, òṣùpá ló ń ṣíwájú. Láti òwúrọ̀ yìí lọ, òun ló ń rìn lẹ́yìn. Ìyípadà yìí ló máa mú un kẹ́yìn oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, tí àyè á fi wà láti rí i lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ó wà lókè orí wa ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Ó wà lórí àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic, lórí àwọn ọkọ̀ tó ń gba Ẹlẹ́gbẹ́kà kọjá sí Ìfọ̀n tí wọ́n ń lọ sí Benin. Kò sẹ́ni tó rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò láti wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, nítorí oòrùn kì í ta ojú lólobó kó tó bà á jẹ́.

Aago 12:50 ọ̀sán

Ìgbà yìí gan-an ni oòrùn dé ibi tó ga jù lójú sánmà Ọ̀wọ̀, kì í ṣe aago méjìlá. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlà kan tó wà ní ìlà oòrùn jìnnà sí wa, nítorí náà ọ̀sán tiwa máa ń pẹ́ ju ti aago lọ. Ní oṣù Èrèlé, oòrùn fúnra rẹ̀ tún máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi òjìji igi wọn ọ̀sán ti mọ èyí tipẹ́.

Àkókò ìrun Jímọ̀ ti ń wọlé. Bí lẹ́mọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe kùtùbá, òṣùpá ti rìn jìnnà sí oòrùn tó dígírì mẹ́fà. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, onímọ̀ sánmà ará Faransé kan, André Danjon, ṣàkíyèsí pé bí òṣùpá kò bá tíì jìnnà sí oòrùn tó nǹkan bí dígírì méje, kò ní sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè dì mú lára rẹ̀ rárá, bí ó ti wù kí sánmà mọ́ tó. Nítorí náà, ní wákàtí Jímọ̀ ọjọ́ yẹn, òṣùpá ṣì wà nínú àgbègbè tí ojú ènìyàn kò lè dé. Nígbà tí wọ́n ń jáde ní mọ́ṣáláṣí ló ń kọjá ààlà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa tíì rí òṣùpá ní wákàtí òdo rẹ̀ gan-an. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2006, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá. Òjìji òṣùpá gba Gánà, Tógò àti Benin wọ apá ìwọ̀ oòrùn àríwá Nàìjíríà. Níbi tí òjìji náà gbà, oòrùn ṣú pátápátá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, òṣùpá bo apá tó pọ̀ lára oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì yí padà. Ohun dúdú ribiti tó bo oòrùn lọ́jọ́ náà, òṣùpá tuntun nìyẹn, láìsí ìwo, láìsí ìmọ́lẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé bí àwọn olùkọ́ wa bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà, ìdajì àríyànjiyàn tí à ń ṣe lórí oṣù lọ́dọọdún kì bá ti sí mọ́.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí wọ́n ń múra ìrun Àlàsárì ní Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ ti ṣú ní Màléṣíà. Òṣùpá kò ju ọmọ wákàtí mọ́kànlá lọ nígbà tí oòrùn wọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì rí i. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Íńdíà àti Pakísítáànì. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣùpá kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn ni òṣùpá ń dàgbà sí i. Ẹni tí ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ bá pẹ́ dé ló máa bá a nígbà tó ti dàgbà.

Wákàtí yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ wo oṣù ti lọ yan ibi tó máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ ló ń kù síbi yìí, nítorí ọ̀nà sánmà kò là lọ́dọ̀ wa bíi ti aṣálẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, òṣùpá ò ní ga ju dígírì mẹ́jọ lọ, ìyẹn kò pé ìkúùkù kan. Ọ̀pẹ tó ga tó mítà mẹ́wàá, tó sì wà ní àádọ́rin mítà sí ibi tí ènìyàn dúró sí, ti bo ìwọ̀n yẹn tán. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, nígbà tí ojú sánmà bá ti ṣókùnkùn tó láti rí i, òṣùpá á ti sọ̀ kalẹ̀ sí dígírì mẹ́rin. Nígbà yẹn, ọ̀pẹ náà lè wà ní àádóje mítà síni, kó ṣì bò ó. Ẹ wo àárín ìlú Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé alájà rẹ̀, ẹ wo Ìfọ̀n àti Òkèlúṣè tí igbó yí ká, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó sọ pé wọn ò rí oṣù, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wò.

Àwọn ará Ìdóàní àti àwọn ìlú òkè tó wà ní àríwá ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní àǹfààní tí kò sí ní ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá lè gun òkè tí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkè náà bá wà láàárín wọn àti ìwọ̀ oòrùn, ó burú ju ọ̀pẹ lọ. Ohun kejì ni eruku. Ìparí oṣù Èrèlé, ọyẹ́ kì í tíì kúrò nílẹ̀ tán, èéfín àwọn tó ń sun oko sì ń dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí oòrùn fi di bọ́ọ̀lù pupa tí a lè wò kó tó wọ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ti le koko.

Aago 6:49 ìrọ̀lẹ́

Oòrùn wọ̀. Òṣùpá jẹ́ ọmọ wákàtí mẹ́tàdínlógún àti ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tó ń tàn lára rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣòro kan wà nínú wákàtí yìí tí àwọn tó ń kírun nìkan mọ̀: ìrun Màgàríbì wọlé ní àkókò kan náà. Ìṣẹ́jú tó dára jù láti rí oṣù kò jìnnà sí ìṣẹ́jú tí wọ́n máa wà lórí ẹní. Ìdí nìyẹn tí àwọn Áfáà tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ní kí ènìyàn méjì mẹ́ta lọ kírun ní ibi gbangba tí wọ́n ti máa wò ó, kí wọ́n má ṣe padà sí mọ́ṣáláṣí. Ìrun Màgàríbì kò gùn, ẹni tó bá kí i ní pápá ṣì máa bá àkókò tó ṣe pàtàkì.

Ó yẹ kí ojú ti sàmì sí ibi tí oòrùn ti wọ̀ gan-an, nítorí òkè ibẹ̀ ni òṣùpá wà, ó kàn yà díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ìdí láti máa wo gbogbo sánmà kiri. Ẹni tó ń wo ọ̀hún tó ń wo ìhín ń fi ojú ṣòfò ni.

Ìrànlọ́wọ́ ńlá kan tún wà lọ́jọ́ náà. Àgùàlà ń dán ní ìkúùkù méjì àbọ̀ lókè ìwọ̀ oòrùn, ní apá ọ̀tún. Láàárín oṣù yẹn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé ojú lè bá a kí oòrùn tó wọ̀ tán. Nígbà tí sánmà bá ṣófo, ojú ènìyàn kì í mọ ibi tó máa tẹjú mọ́. Ó máa ń rọ̀, ó máa ń wo ibi tó sún mọ́ ọn, oṣù tín-ínrín á sì wà níwájú rẹ̀ tí kò ní rí i. Nítorí náà, kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹjú mọ́ àgùàlà fún ìṣẹ́jú kan kí ojú lè dúró sí ọ̀nà jíjìn, kó tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lábẹ́ àgùàlà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó máa kan ìràwọ̀ kan tó dá wà: Mẹ́kúrì nìyẹn. Òṣùpá wà lábẹ́ Mẹ́kúrì, kò pé ìkúùkù kan sí i.

Aago 7:05 alẹ́

Àwọn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó yí èyí ká ló tọ́ jù. Ṣáájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ pọ̀ jù, ó ń bo òṣùpá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òṣùpá ti wọnú eruku. Ohun tí ojú ń wá kò nípọn rárá, okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dùbúlẹ̀, tí ìwo méjèèjì kọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ní àkókò yìí lọ́dún, nítorí ọ̀nà tí oòrùn àti òṣùpá ń tọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán lórí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá sọ pé òun rí ìwo tó kọ sí ìsàlẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ìkùukùu ló rí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹlẹ́rìí nìyẹn, kí a tó bi í ní orúkọ.

Ǹjẹ́ ojú lásán lè rí òṣùpá tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Èyí tó kéré jù tí ojú lásán tíì rí, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ní ìgbàgbọ́, ni ti Stephen James O'Meara, ará Amẹ́ríkà, ní oṣù Èbìbí ọdún 1990: ọmọ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìṣẹ́jú 32. Ẹni tó ti ń wo sánmà láti kékeré nìyẹn o. Òṣùpá Ọ̀wọ̀ ti ọjọ́ Ẹtì yẹn fi wákàtí kan àbọ̀ dàgbà jù ú lọ. Nítorí náà, kò kọjá agbára ojú, ṣùgbọ́n ó wà ní etí ibi tí agbára ojú parí sí.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pinnu, kí ẹnikẹ́ni má fi wákàtí nìkan ṣèdájọ́. Ohun méjì ló ń ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èkíní, òṣùpá ń sún mọ́ ayé, ó ku bí ọjọ́ kan kó dé ibi tó ti sún mọ́ wa jù nínú oṣù náà. Nígbà tó bá sún mọ́ wa ló ń yára jù, nítorí náà, láàárín wákàtí mẹ́tàdínlógún ó ti jìnnà sí oòrùn ju bí ó ṣe máa ń ṣe lọ. Èkejì ni ọ̀nà tó dúró ṣánṣán tí mo sọ yẹn: ìrìn tí òṣùpá ti rìn kúrò lọ́dọ̀ oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ di gíga tán lójú sánmà, díẹ̀ péré ló ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́. Òṣùpá mìíràn tó jẹ́ ọmọ ogún wákàtí lè nira láti rí jù ú lọ.

Ní ojú tèmi, ẹni tó rí oṣù ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ọ̀sẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí òkè, tí sánmà mọ́, tí ojú rẹ̀ dá, tó sì mọ ibi tó yẹ kó wò, ohun tó ṣeé ṣe ló sọ. Ẹni tó wò ó tí kò rí i náà kò purọ́, àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì máa pọ̀ jù.

Aago 7:25 alẹ́

Òṣùpá wọ̀. Láti ìgbà tí oòrùn ti wọ̀, gbogbo àkókò tó fún wa kò ju ìṣẹ́jú 36 lọ, ìdajì rẹ̀ ni ojú sì lè lò. Ẹni tó bá sọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé òun ń wò ó lọ́wọ́, àgùàlà ló ń wò. Àṣìṣe yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn baba wa rí bí àgùàlà ṣe máa ń wà nítòsí oṣù tuntun, wọ́n sì ń pè é ní ajá òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà mìíràn ń kìlọ̀ pé kì í ṣe ajá rẹ̀, ọ̀nà tiwọn ló kàn pàdé. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn: àgùàlà ń yí oòrùn po ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po jìnnà sí wa ju òṣùpá lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Sultan Sókótó, Alhaji Muhammad Sa'ad Abubakar, kéde pé wọ́n ti rí oṣù, àti pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, ni ọjọ́ kìíní oṣù Rámádánì ọdún 1446. Àwọn Mùsùlùmí lọ kí ìrun àṣámù, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí wọ́n máa sè fún sààrì. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó pọ̀ jù ní àgbègbè wa náà kò jìnnà sí òṣùpá: Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà lọ́dún náà, nítorí Àjíǹde, tí wọ́n fi ń ka Lẹ́ńtì, ń tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú.

Ní àkókò tí wọ́n ń parí àṣámù ní Ọ̀wọ̀, ìrọ̀lẹ́ ṣì ń rìn lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí oòrùn wọ̀ ní New York, òṣùpá ti di ọmọ wákàtí méjìlélógún. Ní Houston, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ó ti lé ní mẹ́tàlélógún. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan nípa sánmà lè rí i láìsí wàhálà.

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta

Gbogbo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tí sánmà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló lè rí òṣùpá lọ́jọ́ kejì, ó ga, ó tàn, àgùàlà sì wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Irú ìrọ̀lẹ́ yìí ni ẹnì kan máa ń sọ pé, ẹ ò rí bó ṣe tóbi tó, ó ti lé lánàá, àwọn tí kò rí i ni kò mọ̀ ọ́n wò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró. Òṣùpá Àbámẹ́ta jẹ́ ọmọ wákàtí mọ́kànlélógójì, kò sì sí bí kò ṣe ní tóbi, yálà ẹnì kan rí i ní Ọjọ́ Ẹtì tàbí kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn ará Màléṣíà pàápàá, tí kò rí nǹkan kan ní Ọjọ́ Ẹtì, rí òṣùpá tó tóbi tí kò ṣeé sẹ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oṣù ṣeé rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwúrọ̀ méjì mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkúùkù tí a fi wọn ibi tí òṣùpá wà sí oòrùn.